Ohun Tí Láoyè Fi Pamọ́ Sẹ́yìn Tẹlifíṣọ̀n Màmá

Láoyè fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́ fáráyé gbọ́. Ó ní kí a má fi ohunkóhun bò, àfi orúkọ ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ló ti ń jẹun títí di òní. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Òun náà ti ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín báyìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ bi ara yín léèrè bóyá kò sí irú rẹ̀ kan nílé tiyín.

Lọ́dún 2018, Láoyè ń ṣiṣẹ́ ní Altona, ní ìlú Hamburg, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n onííńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gbé fóònù. Bí tẹlifíṣọ̀n ẹnikẹ́ni bá ń ṣe ségesège, Láoyè ni wọ́n á pè.

Kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yìí gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì Harburg, ó sì fẹ́ fẹ́ Fèyísọ́lá, tí wọ́n jọ kàwé níbẹ̀. Fèyísọ́lá ti di ẹnjiníà gidi, ó ń bá wọn ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ òfuurufú. Ojú ń ti Láoyè láti sọ pé fóònù lòun ń gbé. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, tí Fèyísọ́lá bi í pé ẹ̀ka wo ni wọ́n fi í sí, ó ní, "Mo wà nídìí sọ́fútíwíà."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ló ń tu ara rẹ̀ nínú. Àjà kan ṣoṣo ló wà láàárín àga rẹ̀ àti ti àwọn tó ń kọ sọ́fútíwíà.

Ìyá Fèyísọ́lá, Màmá Ojúọlá, ń gbé ní Märkisches Viertel ní Berlin, ní àjà kẹsàn-án ilé gíga kan. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan níbẹ̀. Ó gbọ́ èdè Jámánì yékéyéké, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Ní oṣù kejì ọdún yẹn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórúnkún, wọ́n ní kí ó sinmi nílé fún oṣù mẹ́ta.

Ẹni tó ti ń jí lọ síbi iṣẹ́ fún ogún ọdún, ẹ wá ní kó jókòó sílé. Ọ̀sẹ̀ kìíní kò tíì pé tó fi pe Láoyè.

"Ọmọ mi, ilé yìí pa rọ́rọ́ jù. Mo fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n tó lè gbé Ojúde jáde. Inú áàpù Ojúde yẹn ni gbogbo fíìmù Yorùbá tuntun wà, àmọ́ tí mo bá ń wò ó lórí fóònù, ojú ń ro mí. Èwo ni kí n rà?"

Láoyè mọ̀ dájú pé Ojúde kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n ilé iṣẹ́ wọn. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í pè é láti béèrè áàpù tí kò sí. Bí kò bá jẹ́ ti bọ́ọ̀lù, á jẹ́ ti àwọn Tọ́kì. Bí kò bá jẹ́ ti àwọn Tọ́kì, á jẹ́ ti àwọn ará Póláǹdì. Ká ní ó kàn sọ pé, "Màmá, ẹ má ra tiwa," ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀.

Àmọ́ èèyàn wo ló ń sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé ọjà òun kò dára?

"Tiwa ni kí ẹ rà, Màmá," ló wí. "Ṣé ẹ máa wá lọ ra ti ẹlòmíì nígbà tí mo wà níbẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀ pé ohun tí wàá sọ nìyẹn," ni Màmá fèsì. Inú rẹ̀ dùn.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Láoyè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Hamburg, ó bá a gbé tẹlifíṣọ̀n náà kọ́ sára ògiri. Màmá jókòó, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí, ó gba rìmóòtù.

"Báwo ni mo ṣe máa kọ orúkọ rẹ̀?"

"Ẹ tẹ èyí, mà. Ẹ wá máa lọ sórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan."

Àwọn lẹ́tà tò gbọọrọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Kí Màmá tó kúrò lórí A dé orí O, ìgbà mẹ́rìnlá ló tẹ bọ́tìnnì. Ó padà sẹ́yìn wá J, ó kọjá rẹ̀, ó tún padà. Nígbà tó kù lẹ́tà kan, ó ṣì í tẹ̀. Ó tẹ ibi tó rò pé yóò pa ẹyọ kan yẹn rẹ́, gbogbo rẹ̀ ló lọ.

"Ṣé ìwọ náà lo ṣe eléyìí?" ni Màmá bi í, ohùn rẹ̀ tutù.

"Àwọn yẹn wà ní ẹ̀ka míì, mà."

Nígbà tí orúkọ náà wá pé, tẹlifíṣọ̀n rò ó títí, ó wá kọ ọ́ sójú pé òun kò rí nǹkan kan.

Màmá wo Láoyè. Láoyè wo tẹlifíṣọ̀n.

"Wọn ò tíì fi sí i ni," ló wí. "Tí mo bá dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, màá ní kí wọ́n fi sí i."

Láti ọjọ́ Ajé náà ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. "Ṣé wọ́n ti fi sí i?" Ọjọ́ kejì, ó tún pè. Lọ́jọ́ kẹrin, Láoyè gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "A ti gba ẹ̀sùn yín, a sì ń ṣiṣẹ́ lé e lórí." Ó ti sọ gbólóhùn yẹn fún àwọn oníbàárà débi pé kò mọ ìgbà tó já bọ́.

Màmá ní, "Láoyè, ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ àbí ìwé lò ń kà?"

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló rí ohun kan nínú ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀: sítíìkì pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ. Bí ẹ bá kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, áàpù tí tẹlifíṣọ̀n náà kò ní yóò máa jáde lójú rẹ̀, Ojúde sì wà lára wọn. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n yẹn náà ni yóò máa darí rẹ̀.

Bí ó bá gbé e fún Màmá, tó sì sọ pé, "Ẹ fi èyí sí i, tiwa ò ní Ojúde," ta ni ì bá bá a wí? Màmá ì bá dúpẹ́ ni. Láoyè dúró nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, sítíìkì lọ́wọ́, ó ro ọ̀nà méjèèjì. Ó wá fojú inú wo bí ojú Màmá yóò ṣe rí bí ó bá rò pé òun ló pàṣẹ tí ilé iṣẹ́ fi ṣe é. Ojú yẹn ló wù ú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí Màmá lọ sí Physiotherapie kí wọ́n lè bá a na orúnkún, Láoyè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Àrínọlá, ọ̀rẹ́ Màmá tó ń gbé ní àjà kẹwàá. Ó kì sítíìkì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ pinpin, ó nu eruku ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó bí ẹni tó kàn wá kí ni.

"Ẹ tẹ bọ́tìnnì òkè yẹn, Màmá," ló wí nígbà tí Màmá wọlé.

Màmá tẹ̀ ẹ́. Ojúde jáde gàdàgbà.

Màmá kò pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé Láoyè lórí.

"Ilé iṣẹ́ òyìnbó gbọ́ sí ọ lẹ́nu nítorí tèmi. Ibikíbi tí o bá ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n á máa gbọ́. Orí rẹ ò ní burú."

Láoyè ní òun ṣe àmín, òun sì yí ojú kúrò níbi tẹlifíṣọ̀n.

Bí irọ́ náà bá mọ síbẹ̀, à bá lè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kì í jẹ ohun tó dùn lóun nìkan. Oṣù kan kò pé tí Àǹtí Àrínọlá fi ra irú tẹlifíṣọ̀n náà.

"Ti Àrínọlá ò ní Ojúde," ni Màmá sọ lórí fóònù. "Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ìwọ lò ń fi sí i. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Láoyè ra sítíìkì kejì. Lẹ́yìn Àǹtí Àrínọlá ni obìnrin mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì tún rà á, títí kan Ìyá Olúsọjí tí kì í mójú kúrò lára àlejò. Obìnrin yìí gbé àga ti Láoyè, ó ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láoyè ní kó lọ pa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná ní kíṣìnnì, pé ó ń dí sọ́fútíwíà lọ́wọ́. Kí ó tó padà dé, téèpù ti lẹ̀.

Gbogbo Sátidé ló wá di ti Berlin. Fèyísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

"Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ lẹ fi ń gbé áàpù lọ sílé àwọn èèyàn? Ṣé kì í gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé ni?"

"Íńtánẹ́ẹ̀tì àdúgbò wọn ò lágbára."

Fèyísọ́lá wò ó bí ẹ̀rọ tó ń dún lọ́nà tí kò yẹ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó pinnu láti dúpẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó fi èdè Jámánì tó gbámúṣé kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà ní Altona.

Ọwọ́ Christiana ni lẹ́tà náà bọ́ sí. Ọmọ Gánà tí wọ́n bí sí Hamburg ni Christiana, ẹ̀gbẹ́ Láoyè gan-an ló sì ń jókòó sí.

"Gbọ́ èyí," ló wí. "Ìyá kan ní Berlin ń dúpẹ́ pé a fi Ojúde sórí tẹlifíṣọ̀n òun. Ó ní ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ òun ló ṣe é, pé ibí ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò dárúkọ rẹ̀. Ṣé a ní Ojúde?"

Ọwọ́ Láoyè dúró lórí fóònù. "Bóyá ó ṣì í mú ni. Gbé e wá, màá dá a lóhùn."

"Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Herr Wiegand lókè. Ó ń wá àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tó máa wá dán ètò tuntun wò. Ìdúpẹ́ ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ojú ìwé méjì tó kù, rìmóòtù ló fi bú."

Herr Wiegand ni ọ̀gá àwọn tó ń pinnu bí ojú tẹlifíṣọ̀n yóò ṣe rí. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu Láoyè mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pe Màmá láti jẹ́wọ́. Nígbà kìíní, Màmá ń wo fíìmù, ó ní kó dúró kí wọ́n mú olè náà ná. Nígbà kejì, ó tún fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Nígbà kẹta, Láoyè ni kò lè sọ ọ́, ó béèrè orúnkún, ó sì pa fóònù.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé wọ́n ti pe Màmá, Màmá sì ti gbà. Ó ní kí Fèyísọ́lá gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ kó sin òun lọ, àmọ́ kó má sọ fún Láoyè. Ó fẹ́ fi yà á lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kẹfà ni. Bí wọ́n bá ní àlejò lókè, àwọn tó ń gbé fóònù ló máa ń gbé omi lọ, ó sì kan Láoyè. Ó gbé ife mẹ́fà sórí àwo, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́ ohùn tó mọ̀.

"Bọ́tìnnì mẹ́rìnlélógójì ló wà lára rẹ̀. Mo kà wọ́n nílé," ni Màmá ń sọ, gèlè aláwọ̀ ewé lórí rẹ̀, rìmóòtù lọ́wọ́. "Mẹ́fà péré ni mo mọ ohun tó ń ṣe. Ọwọ́ àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ń gbọ̀n. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn lẹ fẹ́ kí wọ́n fi máa wá lẹ́tà kiri?"

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ń kọ ọ́ sílẹ̀ wàrà-wàrà. Herr Wiegand ń mi orí. Ni Màmá bá gbójú sókè.

"Òun nìyí," ló sọ fún Herr Wiegand, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Àna mi nìyí, tó ṣe Ojúde fún yín."

Herr Wiegand wo Láoyè, ó wo ife omi. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹni tó máa ń sọ ohun tó bá mọ̀ ni. "Ọ̀gbẹ́ni yìí wà ní Kundendienst nísàlẹ̀," ló wí, "fóònù àwọn oníbàárà ló ń gbé. A ò sì ní Ojúde, Màdáámù. A ò ní in rí."

Fèyísọ́lá, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, dìde. Màmá kò dìde. Ó yí sí Yorùbá.

"Láoyè, kí ni ọkùnrin yìí ń sọ?"

"Òótọ́ ló ń sọ, mà."

"Kí ló wá ń gbé Ojúde jáde nílé mi?"

"Sítíìkì kan ni. Mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n yín."

"Ti Àrínọlá ńkọ́?"

"Òun náà, mà."

"Ìyá Olúsọjí?"

"Gbogbo wọn, mà. Ilé márùn-ún."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà rọra gba àwo omi lọ́wọ́ Láoyè. Herr Wiegand fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Láoyè di ojú, ó ń dúró de bí Màmá yóò ṣe tú òun sójú gbogbo wọn.

"Ó ní tẹlifíṣọ̀n yín ò lè ṣe ohun tí mo tìtorí rẹ̀ rà á," ni Màmá dáhùn ní èdè Jámánì, "ló bá lọ wá ohun tó lè ṣe é, ó ń gbé e kiri Berlin ní gbogbo Sátidé. Ó sì purọ́ fún mi lé e. Irọ́ yẹn, èmi àti òun la máa yanjú rẹ̀. Èyí tó kan ẹ̀yin ni pé ọmọ tó wà nísàlẹ̀ mọ gbogbo ohun tó ń bí àwọn èèyàn nínú, ẹ̀yin tí ẹ wà lókè ò sì bi í rí."

Herr Wiegand kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n rìn dé ibùdókọ̀ ojú irin Altona. Orí ìjókòó ibẹ̀ ni Fèyísọ́lá ti wá la ẹnu.

"Ṣé fóònù ló ń tì ọ́ lójú, àbí èmi?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ọdún kan àbọ̀, Láoyè. Mò ń fi ọ́ yangàn níbi iṣẹ́. Ká ní o sọ fún mi pé fóònù lò ń gbé ni, fóònù náà ni ǹ bá fi yangàn."

S-Bahn tó ń lọ sí Harburg dé. Fèyísọ́lá wọ̀ ọ́, kò wẹ̀yìn.

Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Mi ò ní bá ọ jà. Orúnkún mi ò tíì gbà mí láyè. Àmọ́ orí irọ́ lo jẹ́ kí n gbé àdúrà lé, ìyẹn sì dùn mí. Ilé márùn-ún yẹn, wàá padà síbẹ̀. Ẹnu rẹ tó fi purọ́ náà ni wàá fi tún un sọ."

Láoyè padà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó sọ̀rọ̀. Àǹtí Àrínọlá gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láoyè bi í bóyá kí òun yọ sítíìkì náà. "Fi í síbẹ̀," ni Àǹtí Àrínọlá dáhùn. "Ìwọ lo purọ́. Fíìmù ò purọ́ fún mi." Ìyá Olúsọjí ní kó gbálẹ̀ kíṣìnnì tó lé òun lọ sí. Ṣùgbọ́n obìnrin kan kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó yọ sítíìkì náà fúnra rẹ̀, ó fi lé Láoyè lọ́wọ́, ó ní òun ti fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ òun, kí ó máa lọ. Láoyè ní èyí ló wọ òun lára jù.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Fèyísọ́lá kò gbé fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, Láoyè wà lẹ́nu iṣẹ́, fóònù oníbàárà dún, ó kí ẹni náà bí wọ́n ṣe kọ́ wọn.

"Mo ní ẹ̀sùn kan," ni ohùn náà wí ní Yorùbá. "Mo ní àfẹ́sọ́nà kan. Ó dára, àmọ́ mo rí i pé ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ kọ́ ló wà nínú rẹ̀."

Christiana, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní òun kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n òun rí i tí Láoyè ń sunkún tó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀.

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ kéré sí tara páálí," ló dáhùn. "Ṣé ẹ ṣì máa gbà á bẹ́ẹ̀, mà?"

"Màá dán an wò ná," ni Fèyísọ́lá wí. "Mi ò tíì sọ pé mo gbà."

Herr Wiegand náà pè é. Láti oṣù kẹjọ ni Láoyè ti ń gòkè lọ lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun láti sọ ohun tí àwọn oníbàárà ń ráhùn lé lórí, ọjọ́ yòókù fóònù rẹ̀ ló ń gbé. Ojúde kò dé orí tẹlifíṣọ̀n yẹn títí dòní. Wọ́n tilẹ̀ ṣe rìmóòtù tuntun tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n gbé ọ̀kan fún Màmá. Màmá ní, "Ojúde." Rìmóòtù gbọ́ "Oh, Judith", ó sì kó fíìmù àwọn obìnrin tó ń jẹ́ Judith jáde. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà míì.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019 ni Láoyè àti Fèyísọ́lá lọ kọ orúkọ ìgbéyàwó wọn sílẹ̀ ní Standesamt ní Harburg. Màmá jókòó sẹ́yìn wọn. Obìnrin tó ń kọ̀wé béèrè orúkọ, ó béèrè ọjọ́ ìbí, ó wá béèrè iṣẹ́.

Láoyè jẹ́wọ́ fún wa pé nǹkan sáré kọjá lọ́kàn òun. Òun tó ń lọ sókè lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun lè fi ohun tó dún dáadáa sí i, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ irọ́. Fèyísọ́lá kò wò ó. Màmá pàápàá kò wúkọ́.

"Mo ń gbé fóònù ní Kundendienst," ló wí.

Ó ní ohun tó ya òun lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn. Ohun tí òun fi ọdún kan àbọ̀ sá fún, obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ láìgbójú sókè, ó sì béèrè bóyá wọ́n mú ìwé ìrìnnà wọn wá.